Rárá Tí Bàbá Kò Sọ

Ẹni tó bá sọ pé olólùfẹ́ kì í tijú, ẹ jẹ́ kó wá gbọ́ ti Akọ̀wé Kékeré. Ó fẹ́ràn ọkùnrin kan débi pé tó bá gbọ́ ohùn ẹ̀ láàárín èrò, oúnjẹ tó wà lọ́nà ọ̀fun ẹ̀ ò ní lọ mọ́. Síbẹ̀, ojú ń tì í láti bá ọkùnrin náà rìn lójú títì lọ́sàn-án gangan. Ìfẹ́ àti ìtìjú jọ ń gbé inú àyà kan ṣoṣo bí ayálégbé méjì tí wọn kì í kíra wọn.

Bàbá ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń tún ìwé àwọn èèyàn yẹ̀ wò. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọ́ ọ, ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní rárá, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń kó fáìlì wọn wá. Òun ni yóò tú u, tí yóò kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò sì kọ ọ́ sí i bóyá rárá náà dúró tàbí kò dúró. Nígbà tí ọmọbìnrin ẹ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, abẹ́ tábìlì bàbá ẹ̀ ló máa ń wà, tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ pépà tí wọn ò lò mọ́. Bó ṣe di Akọ̀wé Kékeré nìyẹn, orúkọ náà ò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tí Akọ̀wé ń ṣe lọ́fíìsì náà ló gbé wá sílé. Tó bá ti sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, á fa ìwé kékeré kan yọ lápò, á kọ déètì sí i. Tí oṣù mẹ́ta bá pé géérégé, á jókòó sórí àga ẹ̀, á pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, á ní ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò. Ìgbà míì rárá náà á dúró. Ìgbà púpọ̀ kì í dúró. Ìyàwó ẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé rárá ọkọ òun, wàrà inú agolo ni, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lára ẹ̀.

Akọ̀wé ò jẹ́ bínú. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà fún ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, kí ọmọ òun má ṣe pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. Tí ọ̀rọ̀ tuntun bá wọlé, èèyàn á tún un rò. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ tuntun, àmọ́ tí ojú ẹni ti là sí i, èèyàn á tún un yẹ̀ wò. Tó bá yẹ̀ ẹ́ wò tán tó rí i pé òun ṣì í, á pèrò dà, kò sì sóhun ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni àbámọ̀ tó ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, torí pé fáìlì ẹni tó ń kábàámọ̀ ti jóná.

Kápẹ́ńtà kan wà ní òpópónà kejì sí ilé wọn. Kì í kan àga, kì í kan bẹ́ẹ̀dì. Pósí ló ń kàn. Ọdún tí òjò pọ̀, ilẹ̀kùn yàrá ìyá Akọ̀wé Kékeré wú, kò ṣeé ṣí mọ́, kápẹ́ńtà tí wọ́n mọ̀ ò sì sí nílé. Bí wọ́n ṣe rán ọmọbìnrin náà sí onípósí nìyẹn, pé igi kúkú ni igi. Ọkùnrin náà gbé irin tó fi ń fá pákó, ó tẹ̀ lé e, ó fá ilẹ̀kùn náà títí tó fi ń ṣí láìdún. Akọ̀wé Kékeré yìn ín, ó bi í pé ṣé báyìí ni àwọn oníbàárà ẹ̀ ṣe ń yìn ín. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín rárá, ó ní òun ò tíì gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn ráhùn.

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà débi tó fi fara ti ògiri. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń pàdé ní ilé tíì kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọwọ́ ọkùnrin yìí kún fún àpá, ẹnu ẹ̀ sì kún fún àwàdà, kò sì sí ohun tí Akọ̀wé Kékeré sọ fún un tó gbàgbé. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Àbúrò bàbá ẹ̀ obìnrin ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Akọ̀wé. Àǹtí Alárinà ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí ìyàwó mẹ́fà ló ti bá wọn sìn délé ọkọ, kò sì sí ọ̀kan tó padà wá nínú wọn. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó fi oyin sí i. Akọ̀wé tẹ́tí sí i títí, ó wá bi í léèrè pé, "Ẹni tí kò lè jẹun àfi kí ẹnìkan kú, kí ni yóò máa gbàdúrà fún láràárọ̀?" Ó ní rárá. Ó sì fa ìwé ẹ̀ yọ, ó kọ déètì sí i.

Àǹtí kò fi bò. Bí Bàbá ṣe sọ ọ́ náà ló ṣe jíṣẹ́ fún Kápẹ́ńtà, ọ̀rọ̀ náà sì dun ọkùnrin náà wọ egungun. Akọ̀wé Kékeré ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ṣàlàyé rárá olóṣù mẹ́ta fún un, ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé òun mọ bàbá òun. Kápẹ́ńtà bá fi pẹ́ńsù fa ìlà méjìlá sára ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ìlà kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ọ̀sẹ̀ bá parí, á pa ìlà kan rẹ́.

Ẹ gbọ́ o, lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni ọmọbìnrin yìí ń sọ. Ó fẹ́ kí Bàbá pèrò dà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé oṣù mẹ́ta lè yí èèyàn tó ń dúró padà ju èèyàn tí wọ́n ń dúró dè lọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tó ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá kan tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni wọ́n jọ ń jókòó, tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán, kò sì sí ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu wọn ju ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà lọ. Ọ̀kan ń fẹ́ dókítà. Èkejì ń fẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú, tàbí ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, kò kúkú yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi Akọ̀wé Kékeré pé tiẹ̀ ńkọ́. Ó ní òwò igi ló ń ṣe. Irọ́ kọ́, àmọ́ kò jìnnà sí irọ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n jọ dúró síwájú ọ́fíìsì lọ́sàn-án, ni ọkọ̀ akẹ́rù kan bá ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Pósí méjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀, Kápẹ́ńtà sì jókòó sáàárín wọn, ó fọwọ́ di wọ́n mú kí wọ́n má bàa fara pa. Bó ṣe rí Akọ̀wé Kékeré, inú ẹ̀ dùn, ó na ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́ sí i. Àwọn ọmọbìnrin náà bi í pé ta lèyí. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní kó ṣọ́ra, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ojú ni ọkùnrin náà fi ń wọn gígùn ẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Akọ̀wé Kékeré ló sì rín jù.

Ẹ̀rín yẹn ò jẹ́ kó sinmi. Ojú tì í pé ó sẹ́ ẹ, ojú tún ń tì í pé òun ni yóò fẹ́ ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó wò pé tí òun bá di ìyàwó onípósí, báwo ni òun yóò ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn. Ọkàn ẹ̀ wá ń gbàdúrà ní kọ̀rọ̀ pé kí rárá Bàbá dúró.

Rárá ò dúró. Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, Bàbá pè é sí iwájú àga ẹ̀. Ó sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ti lọ dúró ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn láìjẹ́ kó mọ̀. Ó ní òun rí i tó ń fá pákó pósí kékeré kan, ti ọmọ ọwọ́, ó pẹ́ gan-an lórí ẹ̀, inú ló sì ń fá, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní dé. Tó bá fá a tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, á tún fá a.

"Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkú tí kò lè yìn ín," Bàbá ní, "á tọ́jú ọmọ mi. Mo sọ̀rọ̀ sí i láìmọ̀ ọ́n. Mo ti pèrò dà."

Àǹtí ò sí nílé lásìkò yẹn, ó ti lọ bá ọmọ ẹ̀ tó bímọ tọ́jú ọmọ. Bàbá bá kọ ọ́ sínú pépà péńpé kan pẹ̀lú ọwọ́ ọ́fíìsì ẹ̀ tó rẹwà, pé òun ti tún un yẹ̀ wò, òun ti pèrò dà, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà máa bọ̀ wá rí òun. Ó fi pépà náà lé ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó lọ fún un.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó dúró, ó fa pépà náà ya sí wẹ́wẹ́, ó dà á sínú ike ìdalẹ̀sí. Ó wá wọ ilé tíì, ó jókòó síwájú ọkùnrin tó ti pa ìlà méjìlá rẹ́. Ó ní, "Bàbá ní rárá ṣì dúró. Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà àwọn láé."

Kápẹ́ńtà bi í pé, "Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?"

"Kí ni mo lè ṣe? Bàbá mi ni."

Nígbà tó délé, ó sọ fún Bàbá pé ọkùnrin náà ò lè dúró, ó ti rí ẹlòmíràn. Akọ̀wé bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún pẹ́, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Ó ní oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù, pé òun ló fà á. Láti ọjọ́ náà, kò mú ìwé kékeré yẹn sápò mọ́.

Ọdún méje kọjá. Àwọn ọmọbìnrin ọ́fíìsì ti lọ́kọ, wọ́n ti fọ́n ká, kò tiẹ̀ mọ ibi tí méjì nínú wọn ń gbé mọ́. Òun wà nílé bàbá ẹ̀. Àwọn ọkùnrin wá, wọ́n lọ. Òun ló ń lé àwọn kan, àwọn kan ló ń lé ara wọn, torí pé ó ń fi gbogbo wọn wé ẹnì kan tí kò lè dárúkọ. Tí ọ̀kan bá ti lọ, Bàbá á sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Má bínú sí mi, Akọ̀wé Kékeré. Èmi ni mo jẹ́ kó pẹ́." Òun á ní ó ti kọjá, Bàbá, á sì lọ sí ilé ìdáná lọ fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Àǹtí ní tiẹ̀, tó bá pàdé Kápẹ́ńtà lọ́nà, ṣe ló ń gbójú sókè bí ẹni tó ń wá òṣùpá lọ́sàn-án. Kápẹ́ńtà náà, tó bá ti rí Bàbá lókèèrè, á sọdá sí òdìkejì títì.

Lẹ́yìn náà ni ìyá Akọ̀wé Kékeré kú. Wọ́n ń jíròrò ta ni yóò kan pósí, Àǹtí ní ẹnikẹ́ni tí kì í bá ti í ṣe ọ̀dàlẹ̀ yẹn. Bàbá ní ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, pé wọn ò ní torí ìjà fi ìyàwó òun sínú pákó tí kò dáa. Kápẹ́ńtà kàn án. Lọ́jọ́ tó gbé e wá, ó dúró sí ẹnu géètì, ó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà." Bàbá ní kó wọlé. Ó ní rárá, sà, kí wọ́n má ṣèyọnu. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn kúrò lórí ìlà ẹnu ọ̀nà náà bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Akọ̀wé Kékeré wà lójú fèrèsé, ó rí i. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ilé rò pé ti ìyá ẹ̀ nìkan ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdúpẹ́ náà gba ìgbà mẹ́rin kó tó tán, ilé tíì kan náà ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Kápẹ́ńtà ò tíì gbéyàwó. Àwàdà ẹ̀ ti dín kù, irun ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun létí, àmọ́ ohùn yẹn ò yí padà. Nígbà kẹrin, ó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó ní òun ti tún ọ̀rọ̀ àwọn yẹ̀ wò ní gbogbo ọdún méje yìí, pé òun lòun jẹ̀bi. Ó ní ó yẹ kí òun ti lọ bá Bàbá fúnra òun, kí òun kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, kí ó lé òun pẹ̀lú ẹnu ara ẹ̀. Ìbẹ̀rù ló dá òun dúró, òun sì fi Akọ̀wé Kékeré sílẹ̀ lójú ogun.

"Fẹ́ mi báyìí," ó ní. "Bàbá ò ní láti rí mi. Mi ò ní wọ ilé wọn. Wàá máa lọ kí wọn, màá máa dúró dè ẹ́ níta."

Ayọ̀ tó wọ inú Akọ̀wé Kékeré pọ̀, ẹ̀rù sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ohun tó kù ju kó dákẹ́ lọ. Tó bá dákẹ́, yóò fẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ohun tó ṣe láé. Bàbá ẹ̀ nìkan ni yóò máa ru rárá tí kò sọ títí dójú ikú. Ó ń rò ó bó ṣe ń rìn lọ sílé, pé Bàbá ti dàgbà, pé ó ti mọ́ ọn lára. Ojú tì í bó ṣe rò ó, ó sì ń rò ó lọ.

Ibi tó fi ọ̀rọ̀ sí kọ́ ni ọ̀rọ̀ gbà. Àǹtí ti gbọ́ níbi kan pé Kápẹ́ńtà ò gbé ìyàwó kankan rí, ó sì mú un wá fún Bàbá. Bàbá ronú lé e lórí, ó tò ó bó ṣe ń to fáìlì, ó sì parí ẹ̀ síbi tí kò tọ́. Ó ní kò sí ẹlòmíràn kankan nígbà yẹn, ọkùnrin náà fi bojú ni. Ọ̀rọ̀ àdúrà tí òun sọ sí iṣẹ́ ẹ̀ ló gún un lọ́kàn. Ó ní òun á bẹ̀ ẹ́ kí òun tó tẹ̀ lé ìyàwó òun. Ó rán Àǹtí, ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, Kápẹ́ńtà sì dé.

Ó dúró síta, kò wọlé. Bàbá fúnra ẹ̀ ló dìde, tó fà á lọ́wọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà, tó mú un dé àárín pálọ̀. Àǹtí wà lórí tìmùtìmù, Akọ̀wé Kékeré sì dúró nítòsí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọkàn ẹ̀ ń sọ fún un pé kó dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ náà lè tán láàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì, kí wọ́n dárí ji ara wọn, kí òun sì lọ́kọ.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ nígbà kan. Kò dáa, kò sì jẹ́ òótọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé ẹ lọ, ó sì ba ayé ọmọ mi jẹ́." Ó bọ́ fìlà ẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di apá àga mú, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

Kápẹ́ńtà fò sí i láti gbé e dìde. Akọ̀wé Kékeré gbọ́ ohùn ara ẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́."

Gbogbo wọn kọjú sí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo ya ìwé yín. Ẹ ní kó máa bọ̀, mo sọ fún un pé ẹ ní kò gbọdọ̀ wá láé. Kò rí ẹlòmíràn. Kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan. Èmi ni mo sọ fún yín bẹ́ẹ̀."

Àǹtí fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ti dìde, ó di Kápẹ́ńtà mú lápá. Kò pariwo. Ó béèrè bí akọ̀wé ṣe máa ń béèrè, pé kí ni ìdí.

"Ojú ń tì mí."

"Nítorí kí ni?"

Ó wo ilẹ̀. "Nítorí iṣẹ́ ẹ̀."

Kápẹ́ńtà wò ó. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo juwọ́ sí ẹ níwájú ọ́fíìsì yín, tí o ò dá mi lóhùn. Mo rò pé oòrùn ló wọ̀ ẹ́ lójú."

Ì bá sàn fún Akọ̀wé Kékeré kó nà án.

Kápẹ́ńtà yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Bàbá, ó ní kí Bàbá forí ji òun, ọdún méje lòun fi ń sọdá títì kí òun má bàa kí wọn, tí òun ń pè wọ́n ní òǹrorò nínú ọkàn òun. Bàbá fà á dìde, àwọn méjèèjì jókòó, wọn ò sì fi ọwọ́ ara wọn sílẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n fún àlejò lómi. Akọ̀wé Kékeré gbé omi wá. Kápẹ́ńtà gbà á, ó dúpẹ́, ó mu ún tán. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun á máa wá kí Bàbá lọ́jọ́ Sunday. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin náà kọjá, kò sì wo ibẹ̀.

Àǹtí tẹ̀ lé e jáde láti lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí imú tó ti ń yín sí i láti ọdún méje wá. Ó wá ku Bàbá àti ọmọ. Akọ̀wé Kékeré rò pé ariwo ló kàn, ó tiẹ̀ ń retí ẹ̀. Bàbá wò ó pẹ́.

"Ọdún méje ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́," ó ní. "O sì ń gbà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wó o. Ó dojú bolẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé, ó ń sọ pé kí Bàbá dárí ji òun. Bàbá ní òun ti dárí jì í, pé kò sí ọmọ méjì nílé yìí tí òun ì bá máa bínú sí ọ̀kan. Ó ní ti ọkùnrin yẹn ló ṣòro. Ó ní kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, kó má rán òun, kó má rán Àǹtí, kó má sì kọ ìwé kankan, torí ilé yìí ti rí ibi tí ìwé ń já sí.

Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́fà kó tó lè lọ. Kò lọ sí ilé tíì. Òwúrọ̀ Sátidé ló lọ, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, nígbà tí òpópónà kún fún èrò, ó sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù. Pósí márùn-ún ló wà níta, wọ́n tò wọ́n ti ògiri. Kápẹ́ńtà ń fá pákó lórí tábìlì iṣẹ́ ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní ẹ káàárọ̀ o, bó ṣe máa ń kí oníbàárà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Akọ̀wé Kékeré dúró síbẹ̀. Gbogbo ohun tó ti kọ́ sórí láti sọ ló fò lọ. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wò ó, obìnrin tó múra dáadáa tó dúró láàárín pósí, tí kò sunkún, tí kò sì lọ.

Bó ṣe dúró báyìí ni ìyá àgbà kan dé, ó mú okùn kan lọ́wọ́ tó ti ta ní kókó. Ó ní gígùn ọkọ òun ni, pé òru àná ló kú. Ó rí obìnrin tó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì na okùn náà sí i.

"Ṣé ìwọ ni ìyàwó ẹ̀?"

Ó rọrùn láti sọ pé rárá, kó sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ìyá náà ì bá sì wọlé lọ.

"Rárá, mà," ó ní, kò sì rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Ó fẹ́ fẹ́ mi nígbà kan, bàbá mi sì gbà fún un. Èmi ni mo kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí ló tì mí lójú, mo wá parọ́ mọ́ bàbá mi. Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

Ọkùnrin kan tó ń kọjá dúró. Obìnrin méjì ní òdìkejì yíjú síbẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, irin tó ń fá pákó ti dákẹ́.

Ìyá àgbà náà wo ojú ẹ̀, ó wo àwọn pósí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bínú, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà kàn ń yà á lẹ́nu. "Iṣẹ́ yìí?" ó ní. "Ta lo wá fẹ́ kó bá mi ṣe é?"

Omi ojú ń dà sí Akọ̀wé Kékeré lágbọ̀n, kò nù ún, ó gba okùn náà lọ́wọ́ ìyá àgbà.

Kápẹ́ńtà ti jáde dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo ọ̀kan nínú wọn, ó wo èkejì.

"Gbé àga fún Màmá," ó sọ fún Akọ̀wé Kékeré.

Kò mọ ibi tí àga wà níbẹ̀, torí kò wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà rí láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó wò yí ká, ó rí ọ̀kan lábẹ́ pákó, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ nu eruku kúrò lórí ẹ̀, ó gbé e jáde síta. Ìyá àgbà jókòó. Ó di ọwọ́ Akọ̀wé Kékeré mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú ẹni tí ọkọ òun jẹ́ fún un, òun náà sì kúnlẹ̀ tì í níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbọ́.